Ta Ni Yóò Fún Ọ̀gá Ní Máàkì?

Bí wọ́n bá dárúkọ Ọ̀rẹ̀, ogun 1967 ló máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn: "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!" Ìjà tí èmi kọ́ bí wọ́n ṣe ń parí níbẹ̀ kì í ṣe ti oníbọn. Ti tọkọtaya ni, ti ìyakọ àti ìyàwó, ti ọmọ tó sá nílé l'Òdìgbó.

Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ìdámọ̀ràn ìdílé gbọ́dọ̀ ní alábòójútó tí yóò máa ròyìn fún. Ní Philadelphia l'Amẹ́ríkà, àwọn bíi Salvador Minuchin àti Jay Haley a máa wà lẹ́yìn dígí, wọ́n á máa wo akẹ́kọ̀ọ́ bó ṣe ń bá ìdílé sọ̀rọ̀, wọ́n á sì pè é lórí fóònù tó bá ń ṣìnà. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí dígí. Ẹnu ọmọ iṣẹ́ ni ọ̀gá fi ń ríran. Bí ẹ̀rù bá pa ẹnu náà dé, ojú ọ̀gá fọ́ nìyẹn.

Lọ́dún 1983, Bordin ní nǹkan mẹ́ta ló so ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ pọ̀: kí wọ́n fẹnu kò sí ibi tí wọ́n ń lọ, kí kálukú mọ iṣẹ́ tirẹ̀, kí wọ́n sì fọkàn tán ara wọn. Nígbà tó di 1990, Efstation àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwé ìbéèrè méjì, ọ̀kan fún ọ̀gá, ọ̀kan fún ọmọ iṣẹ́.

Wọ́n pín irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ fún wa. Ojú ọ̀gá la ti kọ ọ́, ọwọ́ ọ̀gá la dá a padà sí. Ta ló fẹ́ kọ méjì síbẹ̀? Márùn-ún nínú márùn-ún ló kún inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ọ̀gá ní kí ọ̀kan nínú wa sọ fún obìnrin tí ọkọ ń lù pé kó lọ ṣe sùúrù. Ọmọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé òfin ìpínlẹ̀ Oǹdó ti 2021 lòdì sí irú ìlù bẹ́ẹ̀. "Ẹ ṣé, mà" ló sọ. Obìnrin náà sì padà sílé.

Nítorí náà, òṣùwọ̀n yìí kì í ṣe ìwọ̀sí sí ọ̀gá. Ìdílé tó jókòó síwájú wa ló ni ín. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn, tí kì í ṣe ọ̀gá, fi Yorùbá bi ọmọ iṣẹ́ pé: Kí lo ò lè sọ fún ọ̀gá rẹ lóṣù yìí? Ìgbà tó o ní o ò gbà, kí ni wọ́n wí?

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ọ̀gá tó bá gbọ́ "mi ò rò pé ó rí bẹ́ẹ̀, mà" tí kò bínú, ẹ fún un ní márùn-ún. Ó tọ́ sí i.