Àwọn Ọ̀rọ̀-Ìṣe Gẹ̀ẹ́sì fún Mímú Ènìyàn Bínú

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ pé ẹnìkan mú ẹlòmíràn bínú pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò wúwo bákan náà. Annoy àti irritate ló fúyẹ́ jù. Àwọn ló bá ẹ̀fọn tó ń kùn létí ẹni tó fẹ́ sùn mu. Anger gbóná jù wọ́n lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá di infuriate tàbí enrage, ojú ti pọ́n koko, ìjà kò sì jìnnà mọ́. Exasperate dá dúró ní tirẹ̀, torí sùúrù tó tán ló ń sọ: ìyá pe ọmọ títí, ọmọ gbọ́, kò dáhùn.

Ète tún ya àwọn kan sọ́tọ̀. Òjò lè ba ọjà jẹ́, kí a sì lo annoy fún un, àmọ́ ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ tọ́ni níjà ni a sábà ń lo provoke fún. Antagonize le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń sọ ojúlùmọ̀ di ọ̀tá. Ní ti aggravate, mímú kí ohun tó ti burú tún burú sí i ni ìtumọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, bí ìgbà tí a bá họ ojú egbò. Àwọn olùkọ́ kan kì í fẹ́ kí a lò ó fún mímú ènìyàn bínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé ní 300 ọdún tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń lò ó bẹ́ẹ̀.

Agbàbọ̀ ni gbogbo wọn: ẹni tí inú ń bí ni àbọ̀. Ṣùgbọ́n ní Yorùbá, nínú “Adé bínú,” Adé tí inú ń bí ni olùwà. Bẹ́ẹ̀ náà ni vex rí nínú píjìn Nàìjíríà: ẹni tó ní “I dey vex” ń sọ ti inú ara rẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àjùmọ̀lò, vex ń wá ẹni tí yóò bí nínú, ó sì ti di ọ̀rọ̀ àtijọ́ díẹ̀. Annoyed àti annoying náà ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. “I am annoyed” ni ti ẹni tó ń bínú. Ẹni tó bá kọ “I am annoying” ti pe ara rẹ̀ ní ayọnilẹ́nu. Lẹ́yìn annoyed, with ni a ń lò fún ẹni tí a ń bínú sí, about sì ni fún ọ̀ràn tó fa ìbínú.

Piss off kò yẹ nínú lẹ́tà sí ọ̀gá, torí ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá ni. Displease ló bá irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ mu.