Sáfírè Tí Iná Kò Kàn

Ó pẹ́ tí Yorùbá ti mọ orúkọ sáfírè, nítorí Bíbélì kà á mọ́ òkúta ìpìlẹ̀ ìlú mímọ́ nínú ìwé Ìfihàn. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé wọ́n ń wa èyí tó jẹ́ búlúù ní Nàìjíríà: ní Kàdúná, Bauchi, Gombe, àti lórí òkè Mambilla ní Tàràbà, tí òkúta ibẹ̀ gbajúmọ̀ lọ́jà àgbáyé ní nǹkan bí 2014.

Ọ̀rọ̀ òkúta yìí ló délẹ̀ láàrin tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan n'Ìsọlọ̀. Ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Bangkok dé, ìlú tí òkúta Áfíríkà ti ń di gígé àti títà. Àbúrò kò kúrò n'Ìsọlọ̀ rí, àmọ́ ẹnìkan ní Òṣòdì ti fi búlúù mẹ́ta tí wọ́n dì sínú bébà lọ̀ ọ́, ó ní ojúlówó ni, iná ò kàn án.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni iná ń wá lára òkúta?”

Ẹ̀gbọ́n ṣàlàyé pé irin àti titanium díẹ̀ tó wà nínú sáfírè ló ń fún un ní àwọ̀ búlúù. Bí titanium bá fara pamọ́ sínú òkúta bí òwú tín-ín-rín, àwọ̀ náà á ṣá. Ààrò tó gbóná ju 1,600°C lọ á yọ́ òwú náà, búlúù á sì yọ. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn ará Thailand ti ń ra òkúta Sri Lanka tó funfun bíi wàrà, tí wọ́n sì ń fi iná sọ ọ́ di búlúù. Kì í ṣe jìbìtì bí olùtà bá sọ ọ́. Púpọ̀ nínú sáfírè ọjà ló ti rí iná. Àmọ́ èyí tó dára láti inú ilẹ̀ wá ṣọ̀wọ́n, ìdí nìyẹn tó fi wọ́n.

“Olùtà fi í ha dígí lójú mi, dígí náà sì bó. Ṣé ìyẹn ò tó?”

Kò tó rárá. Sáfírè jẹ́ 9 lórí òṣùwọ̀n líle Mohs, díámọ́ńdì sì jẹ́ 10, àmọ́ quartz tí kò ju 7 lọ náà ń ha dígí. Ewu tó tún ju ìyẹn lọ ni sáfírè àtọwọ́dá. Ní 1902 ni Auguste Verneuil kéde ọ̀nà tó fi ń yọ́ òkúta àtọwọ́dá, líle sáfírè àtọwọ́dá àti ìwọ̀n rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti inú ilẹ̀. Awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá ló ń tú àṣírí: ìlà àwọ̀ ti Verneuil máa ń tẹ̀ kọrọdọ, ti inú ilẹ̀ á gún, á sì ní igun. Bí òwú inú rẹ̀ bá ṣì gùn, tí kò já sí ẹ̀kán ẹ̀kán, àmì rere pé iná ò kàn án ni.

Òmíràn wà tí wọ́n fi dígí aláwọ̀ búlúù dí ojú ìsán rẹ̀. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ lásán lè jẹ dígí náà, ẹwà òkúta á sì bàjẹ́.

“Bó bá wá mọ́ gaara, tí ò ní òwú kankan ńkọ́?”

“Ojú lásán ò lè dá a mọ̀ mọ́. Ilé àyẹ̀wò ni.”

GIA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1931, wà lára àwọn ilé àyẹ̀wò tó ń kọ ọ́ sínú ìwé bóyá àmì iná wà tàbí kò sí. Kí olùrà wọn òkúta fúnra rẹ̀, nítorí ìwé òkúta kan lè tẹ̀ lé òmíràn: kárátì kan jẹ́ gíráàmù 0.2, ìwọ̀n náà sì gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé mu. Kó tún gbé e síta lójú ọjọ́. Irin pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ sáfírè Nàìjíríà, èyí tó ń tàn lábẹ́ gílóòbù ṣọ́ọ̀bù lè dúdú bí aró níta.

Àbúrò bèèrè bóyá òun lè máa ra èyí tí wọn ò tíì gé, kóun máa tà á. Ẹ̀gbọ́n ní ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun àlùmọ́ọ́nì, òfin ìwakùsà 2007 sì béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ oníṣòwò rẹ̀.

“Mẹ́ta inú bébà yìí ńkọ́?”

“Ṣé wọ́n ní ìwé àyẹ̀wò?”

“Rárá, sà.”

“Bó o bá fẹ́ wọn, owó èyí tí iná ti kàn ni kó o san. Bí olùtà bá ní owó èyí tí iná ò kàn lòun fẹ́, kó lọ yẹ̀ wọ́n wò ná.”