Ọkọ̀ Tí Ń Wa Ara Rẹ̀ àti Ọkọ̀ Tí Ń Fò

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ó ti gbọ́ pé ọkọ̀ tí ń wa ara rẹ̀ ti wà, àti èyí tí ń fò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó: ṣé wọn yóò wúlò ní abúlé wa?

Ní ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ Waymo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ gbé èrò ní àyíká ìlú Phoenix, ní Amẹ́ríkà. Kámẹ́rà wà lára ohun tí ọkọ̀ náà fi ń ríran, kọ̀ǹpútà sì ni ọpọlọ rẹ̀. Àwòrán àwọn títì tí yóò gbà ti wà nínú kọ̀ǹpútà náà kí ó tó gbéra.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Akínyẹlé tàbí Lágelú, ẹ rántí ọ̀nà oko yín. Òjò òru kan ṣoṣo lè sọ ọ́ di kòtò. Bí ilẹ̀ bá mọ́, awakọ̀ a yà gba inú koríko. Àwòrán àná kò bá ti òní mu mọ́. Bí omi bá dí ojú ọ̀nà, awakọ̀ wa a ní kí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ bọ́ sílẹ̀, kí ó fi ẹsẹ̀ wọn bí ó ṣe jìn tó. Ta ni kọ̀ǹpútà yóò rán?

Èyí tí ń fò ńkọ́? Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, Stefan Klein fi AirCar tí ó ṣe fò láti Nitra dé Bratislava, ní ilẹ̀ Slovakia. Ìṣẹ́jú 35 ni ó gbà á. Bí ó ti balẹ̀, apá ọkọ̀ náà ká wọlé, ó sì gba títì lọ. Ó wú mi lórí gan-an! Ṣùgbọ́n pápákọ̀ òfurufú ni ó ti gbéra, pápákọ̀ òfurufú ni ó sì balẹ̀ sí. Alákìá, ní Ẹgbẹ́dá, ni tiwa wà. Bí àgbẹ̀ Àkànrán bá ra AirCar, inú kòtò ni yóò kọ́kọ́ wà á gbà dé Alákìá kí ó tó lè fò. Èèyàn méjì péré ni ó sì ń gbé. Níbo ni yóò di àpò pákí sí?

Ohun kan wà tí ń fò tí ó wù mí jù wọ́n lọ. Ní ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ Zipline bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ òfurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ gbé ẹ̀jẹ̀ àti oògùn lọ sí àwọn ilé ìwòsàn ní Gánà. Kì í balẹ̀ níbẹ̀ rárá. Ó ń ju ẹrù náà sílẹ̀ ni, ohun kan bí agboòrùn a sì mú un rọra bọ̀. Bí obìnrin bá bímọ tán ní abúlé kan ní Ọ̀nà-Àrà, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá, tí omi sì ti gbé afárá lọ, irú èyí lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní ti àpò pákí, katapílà tí yóò tún ọ̀nà ṣe ni mo ń retí.