Ọjọ́ Méje Lórí Òkun Nígbà Ìwọ́wé

Látìgbà tí mo ti dé láti orí òkun ni ẹ ti ń bi mí ní ìbéèrè lóríṣiríṣi. Àwọn kan ń béèrè oúnjẹ inú ọkọ̀, àwọn kan ń béèrè òtútù. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ni pé, ọmọ Yemọja lójú omi fún ọjọ́ méje, kí ló fi bọ omi? Olóòtú wa ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo ilé lè kà á. Ó dáa, ẹ fara balẹ̀.

Oṣù kẹwàá ọdún 2023 la lọ. Ìgbà ìwọ́wé nìyẹn níbí: ooru ti lọ, yìnyín ò tíì dé, àwọn igi apá àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà á wá pọ́n bí ẹni pé iná ń jó lórí wọn. Àwọn ọkọ̀ ojú omi ńláńlá máa ń gbéra láti New York nígbà yẹn, wọ́n á máa tẹ̀lé etí òkun lọ sókè títí dé Kánádà. Boston, Portland, Bar Harbor, Saint John àti Halifax ni tiwa yà sí, kó tó dá wa padà sí New York.

Àwa mẹ́rin ni. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Abẹ́òkúta la ti bá ara wa bọ̀, ó ti lé ní ogójì ọdún. Ẹni kan nínú wa kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà tó dé ìlú òyìnbó, Nọ́ọ̀sì náà la sì ń pè é. Ìfẹ̀yìntì rẹ̀ la fi ṣe ìdí ìrìn àjò. Alhaja wà níbẹ̀, Ìyá Ìjọ wà níbẹ̀, èmi tí wọ́n ń pè ní Ìyá Olómi ni ìkẹrin wọn. Ní ti Nọ́ọ̀sì, ọjọ́ Kérésì nìkan ló mọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Mi ò ní fi bò fún yín: ọkàn mi ò fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀ kí a tó lọ. Ìyá Ìjọ, ẹni tí a jọ ń sùn lórí ẹní kan nígbà tí a wà ní ọmọge, kì í jẹun nílé mi mọ́ láti bí ọdún mẹ́wàá. Tó bá wá, á jókòó, á rẹ́rìn-ín, á ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. Mo mọ ìdí rẹ̀, òun náà mọ̀ pé mo mọ̀. Nígbà tí a wá ṣẹ́ ìbò ẹni tó máa bá ẹnì kan gbé yàrá inú ọkọ̀, èmi àti òun ni ìbò mú. Alhaja wò wá, ó ní, "Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ gbé ara yín jù sómi."

Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la tí a máa wọkọ̀, mo mú wọn lọ sí ibì kan ní ìsàlẹ̀ Manhattan. Ní 1991, ìjọba fẹ́ kọ́ ilé ńlá síbẹ̀, wọ́n gbẹ́lẹ̀, wọ́n bá òkú. Òkú 419 ni wọ́n kó jáde, àwọn èèyàn Áfíríkà tí wọ́n sin síbẹ̀ nígbà tí ìlú náà ṣì ń kó ẹrú. Obìnrin kan wà nínú wọn tó ní ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 100 ní ìdí, pẹ̀lú owó ẹyọ, wọ́n sì ti pa eyín rẹ̀ lẹ́nu. Ẹni tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí, ẹ̀yin náà ẹ mọ irú ibi tó ti wá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2003 ni wọ́n dá gbogbo wọn padà sínú ilẹ̀, nínú pósí tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí lára ní Gánà. Mo dúró níbẹ̀, mo kí wọn, mo sọ fún wọn pé a fẹ́ gba ojú òkun kọjá. Ọ̀nà tí wọ́n gbà wá tipátipá, a ò lè máa fi ṣeré lórí rẹ̀ láìkí wọn. Ìyá Ìjọ dúró lókèèrè, ó di báàgì rẹ̀ mú.

Ẹ jẹ́ kí n wá dáhùn ìbéèrè yín. Nílé, Olókun ló ni òkun. Odò Ògùn ni ti Yemọja. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lọ sí Kúbà àti Bràsíl ló bá ìyá wa dé etí òkun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ ọ́ títí dòní. N kì í bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Odò Ògùn tó gba Abẹ́òkúta kọjá, inú ọ̀sà Èkó ló ń bọ́ sí, ọ̀sà náà sì ń bọ́ sókun. Omi kan náà ni.

Kí n tó lọ, mo tọ bàbá wa lọ, a dá Ifá. Ohun tó jáde ò le: kí n ṣe ètùtù nílé, tí mo bá ti dórí omi, omi tútù àti ọ̀rọ̀ ẹnu ti tó. Ó dùn mọ́ mi, nítorí arìnrìn-àjò kankan ò gbọdọ̀ ju nǹkan kan sí òkun láti inú ọkọ̀. Òfin àgbáyé tí wọ́n ń pè ní MARPOL ti ka ọ̀rá àti ike léèwọ̀ níbikíbi lórí òkun, ì báà jẹ́ àárín gbùngbùn rẹ̀. Èmi ò rí i bí òfin òyìnbó nìkan o. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi ọ̀rá gbé nǹkan lọ sétí omi tí ẹ sì ń fi ọ̀rá náà sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ gbọ́ o: ìdọ̀tí ni ìyẹn, kì í ṣe ẹbọ.

Igbá kékeré kan ni mo mú dání. Ní àárọ̀ kùtù, mo bu omi sínú rẹ̀, mo dúró níwájú fèrèsé róbótó tó kọjú sí òkun, mo kí ìyá mi, mo wúre fún ilé, fún ọ̀nà, fún àwọn tó ń wakọ̀. Lọ́jọ́ kìíní, bí Ìyá Ìjọ ṣe rí igbá, ó gbé Bíbélì rẹ̀, ó jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lọ́jọ́ kejì bẹ́ẹ̀ náà. N kò bá a wí, n kò sì rẹ ohùn mi sílẹ̀.

Oúnjẹ inú ọkọ̀ pọ̀ ju bí ẹnu ṣe lè sọ lọ. Èmi àti Alhaja la jọ ń yọ alásè lẹ́nu láràárọ̀: òun ń béèrè bóyá ẹlẹ́dẹ̀ wà níbẹ̀, èmi ń béèrè nípa eewọ̀ tèmi. Lọ́jọ́ kẹta, bí alásè ṣe rí wa lókèèrè ló ti ń fi ọwọ́ tọ́ka sí èyí tí kò ní nǹkan kan nínú. Nọ́ọ̀sì ní tirẹ̀, ìgbì òkun rú u nínú, gbogbo oògùn tó fi ogójì ọdún pín fún aláìsàn ò ṣiṣẹ́ fún un. Ata ilẹ̀ tí mo sè sínú omi gbígbóná ló bá a dé ilẹ̀.

Ní Bar Harbor, ọkọ̀ ńlá ò lè sún mọ́ ilẹ̀, ọkọ̀ kékeré ló kó wa gúnlẹ̀. Orí òkè Cadillac la lọ, gíga rẹ̀ jẹ́ 1,530 ẹsẹ̀ bàtà. Láti ọjọ́ keje oṣù kẹwàá títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, ibẹ̀ ni oòrùn ti kọ́kọ́ ń yọ ní Amẹ́ríkà. Ẹ wá wo ewé! Pupa, òféèfèé, àwọ̀ ìyeyè, láti orí òkè títí dé etí omi. Wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún wa pé bí ojú ọjọ́ bá ti ń kúrú tí òtútù sì ń mú, igi á dẹ́kun ṣíṣe àwọ̀ ewé. Àwọ̀ ìyeyè tó ti fara pa mọ́ sábẹ́ rẹ̀ látọjọ́ á wá hàn. Èyí tó pupa ni igi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ṣúgà inú ewé ṣe. Ọwọ́ ń yún mi láti já ewé kan, ṣùgbọ́n igbó ìjọba ni, wọn kì í já ewé níbẹ̀. Ọlọ́sanyìn kankan ò ní bínú sí òfin yẹn, nítorí àwa náà mọ̀ pé a kì í ṣàdédé wọgbó já ewé.

Saint John ni ibi tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń bọ omi dé kó tó kú. Ibẹ̀ wà létí apá òkun kan tó wọ inú ilẹ̀, Bay of Fundy lorúkọ rẹ̀. Ó fẹ̀ lẹ́nu, ó há nídìí bí àrọ tí a fi ń rọ epo sínú ìgò. Nítorí náà, tí òkun bá ń kún bọ̀, kò ríbi gbà, ó di kó máa ga. Ní ìdí rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó lè fi mítà 16 ga ju ìgbà tó bá fà lọ. Kò sí ibi tó tó bẹ́ẹ̀ láyé. Ní Saint John fúnra rẹ̀, ó ń tó bíi mítà 8. Nígbà tí a jáde láàárọ̀, ẹnu ọ̀nà kan la gbà. Nígbà tí a fi máa padà, omi ti yí gíga ọkọ̀ padà, ẹnu ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ní ká gbà wọlé.

Odò ńlá kan gba ìlú náà wọ òkun. Wolastoq ni àwọn onílẹ̀ ń pè é, ìyẹn odò tó rẹwà, àwọn fúnra wọn sì ń jẹ́ Wolastoqiyik, àwọn èèyàn odò náà. Orúkọ odò ni wọ́n ń jẹ́, bí àwa tí a ń jẹ́ ọmọ olódò. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, tí òkun bá ti kún ju odò lọ, á ti odò náà padà gba ibi tóóró láàárín àpáta, odò á máa ṣàn lọ sí ibi tó ti wá. Mo fi ojú mi rí i. Nọ́ọ̀sì ní, "Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ. Eléyìí ò lè gbàgbé láé, wọ́n ń tì í lọ bẹ̀ ẹ́ wò ni." A rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìjọ ò rẹ́rìn-ín, ó kàn ń wo omi.

Halifax la dé kẹ́yìn. A kọ́kọ́ lọ sí Africville, létí omi ní òpin ìlú. Àwọn aláwọ̀ dúdú ló ń gbébẹ̀ láti nǹkan bí 1840. Wọ́n ń san owó orí, síbẹ̀ ìlú ò fa omi ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ààtàn ìlú ni wọ́n gbé wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Láàárín 1964 sí 1970, wọ́n lé gbogbo wọn kúrò. Ọkọ̀ akólẹ̀ ni wọ́n fi kó ẹrù àwọn mìíràn nínú wọn. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn, òru ni wọ́n wó o, ní 1967. Ọdún 2010 ni ìlú Halifax tó tọrọ àforíjì, wọ́n sì tún ṣọ́ọ̀ṣì náà kọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Òun ni ilé ìrántí wọn báyìí. Ìyá Ìjọ kúnlẹ̀ nínú rẹ̀. Èmi náà dúró tì í, mo ṣí gèlè mi díẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá wó ojúbọ rẹ̀ lóru, ẹ̀gbọ́n àbúrò ni gbogbo wa.

Lẹ́yìn ìyẹn, a jókòó sétí èbúté, mo sọ ohun tí mo ti kà fún wọn. Ní 1783, bí 3,000 aláwọ̀ dúdú tó ti sá lọ bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun Amẹ́ríkà ni wọ́n kó wá sí Nova Scotia. Wọ́n ṣèlérí ilẹ̀ fún wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò rí i gbà. Ọ̀kan nínú wọn, Thomas Peters, wọkọ̀ lọ sí London lọ fẹjọ́ sùn. Ní oṣù kìíní ọdún 1792, èèyàn bí 1,200 wọ ọkọ̀ 15 ní èbúté Halifax yìí gan-an, wọ́n kọjú sí Áfíríkà. Àwọn ló tẹ Freetown dó.

Ìyá Ìjọ gbójú sókè. "Freetown wo?"

Mo ní, "Freetown tiyín náà ni."

Ẹ ṣé ẹ rí i, Sàró ni ìdílé Ìyá Ìjọ. Orúkọ òyìnbó tí wọ́n ń jẹ́, Freetown ni bàbá ńlá wọn ti gbé e wá sí Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn 1808, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń gba àwọn èèyàn wa lọ́wọ́ olówò ẹrú lójú òkun, ó ń kó wọn sí ìlú tí àwọn ará Halifax ti tẹ̀ dó. Àjàyí Crowther débẹ̀ ní 1822. Akú ni wọ́n ń pe àwọn èèyàn wa níbẹ̀, nítorí "ẹ kú" tí kì í kúrò lẹ́nu wa. Láti nǹkan bí 1839 ni àwọn kan nínú wọn ti ń padà wálé. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Freetown. Wọ́n tún gbé Egúngún jáde níbẹ̀, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ ọdẹ sílẹ̀, àwọn ọmọ wọn ò tíì jẹ́ kó parun. Ìlú kan náà, ìran kan náà ló tọ́ méjèèjì.

Ìyá Ìjọ dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, "Ìyá bàbá mi máa ń sọ pé ọmọ eléégún ni wọ́n kí wọ́n tó kó wọn. Wọ́n ní ká má máa sọ ọ́ síta." Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ ọ nìyẹn ní ogójì ọdún. Alhaja fà á mọ́ra, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan mọ́.

Láti Halifax dé New York, òkun ni níwájú, òkun ni lẹ́yìn. Lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn, mo bu omi sínú igbá bí ìṣe mi. Ìyá Ìjọ ò jáde. Ó jókòó sórí ibùsùn rẹ̀, ó ṣí Bíbélì, ó ń ka tirẹ̀, mo ń wí tèmi. Nígbà tí mo kí àwọn tó lọ lójú òkun, mo gbọ́ tó ní, "Àmín."

Mi ò fẹ́ pa irọ́ fún yín pé ohun gbogbo ti tán. Ìyá Ìjọ ò tíì jẹun nílé mi. Ṣùgbọ́n ó wá lóṣù tó kọjá, mo gbé omi tútù fún un, ó mu ún. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí omi jẹ́ nínú ilé tèmi, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó tètè fi orúkọ sílẹ̀, nítorí ìgbà ìwọ́wé kì í pẹ́. Kó mú aṣọ òtútù, kó mú pásípọ́ọ̀tù nítorí ẹnu ibodè Kánádà, kó ṣe ètùtù rẹ̀ nílé. Kó sì mú ọ̀rẹ́ dání, pàápàá èyí tí ọ̀rọ̀ kan ṣì wà láàárín wọn. Yàrá inú ọkọ̀ kéré. Ọ̀rọ̀ ò ríbi sá sí.

Omi tó gbé wa lọ tó sì gbé wa bọ̀, kò ní gbé ọmọ wa lọ. Ọ̀nà wa á là, ilé wa á tutù. Àṣẹ.