Kàlẹ́ńdà Ara Ògiri àti Ọ̀rọ̀ Ojú Ọjọ́ ní Ìkirè àti Àpòmù

Fọ́tò àlẹ̀pọ̀ ni àwòrán tí a kó jọ láti ibi púpọ̀, tí a gé, tí a sì lẹ̀ mọ́ ojú pátákó kan kí wọ́n lè jùmọ̀ sọ ohun tí ẹyọ kan nínú wọn kò lè dá sọ. Ní Ìkirè àti Àpòmù, ìlú méjì tó múlé ti ara wọn lẹ́bàá ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni lọ kọ́ ọ lókè òkun. Kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ti kọ́ wọn. Ọba ìlú yóò wà láàárín, nínú òbìrìkítí ńlá. Àwọn olóyè ẹgbẹ́ yóò yí i ká. Àwọn yòókù yóò tò sísàlẹ̀, ojú wọn kò ju èékánná lọ. Ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lè ti kọjá láti ogún ọdún, síbẹ̀ kò kúrò lára ògiri pálọ̀. Àlejò tó bá jókòó síwájú rẹ̀ kò ní í pẹ́ béèrè pé, "Ta lèyí tó dé fìlà yẹn?" Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni pátákó fọ́tò àlẹ̀pọ̀ ṣe lè mú ará ìlú sọ̀rọ̀ lórí ìyípadà ojú ọjọ́.

Ní 1978, Stephen Sprague tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí àwọn onífọ́tò Yorùbá, pàápàá àwọn ti Ìlá Ọ̀ràngún. Ó ṣàlàyé pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ṣaláìsí kí wọ́n tó ya fọ́tò pọ̀, onífọ́tò yóò ya èyí tó kù, yóò sì tẹ àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan. Bó bá jẹ́ akọ àti abo ni wọ́n, yóò ya ọmọ náà nínú aṣọ ọkùnrin, yóò tún yà á nínú ti obìnrin. Òbí mọ̀ pé ọmọ kan ṣoṣo ló dúró níwájú kámẹ́rà, kò sì pe àwòrán náà ní irọ́. Kò ní í ṣòro fún ẹni tó mọ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kà láti ka pátákó tó gbé ọ̀dá ọdún 1983 sẹ́gbẹ̀ẹ́ òjò ọdún yìí.

Níbòmíràn, fífi fọ́tò mú ará ìlú sọ̀rọ̀ ti di ọ̀nà iṣẹ́ tó lórúkọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Caroline Wang àti Mary Ann Burris fi kámẹ́rà lé àwọn obìnrin abúlé lọ́wọ́ ní Yunnan, lórílẹ̀-èdè Ṣáínà. Photovoice ni wọ́n sọ ọ́. Kókó ibẹ̀ ni pé àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ló ya àwòrán. Pátákó tí ará ìlú kò bá lọ́wọ́ sí kò yàtọ̀ sí bánà àwọn olóṣèlú tó ń kíni kú ọdún ní oríta: ojú pọ̀ lórí ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wò ó.

Oko kòkó ni pátákó agbègbè yìí ì bá kọ́kọ́ fi ojú hàn. Nínú àpótí àwọn àgbà, a ṣì lè rí fọ́tò ìgbà tí kòkó ń gbẹ lórí ẹní, tí igi ńláńlá ṣíji bo oko. Tí a bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ oko kan náà lónìí, tí wọ́n ti la àwọn igi yẹn ní pákó, kò sí àgbà tí yóò dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn tó bá gùn jù máa ń pa ọmọ kòkó tí kò ní ìbòòji. Òjò tó bá pọ̀ jù ń fa àrùn tó ń sọ èso di dúdú lórí igi, èyí tó sì bọ́ lọ́wọ́ àrùn lè bu nítorí àìsí oòrùn. Gbogbo èyí ni àwọn olùwádìí kòkó ní Ìdí-Ayunrẹ́ lẹ́bàá Ìbàdàn ń bá yí láti 1964 tí wọ́n ti dá iléeṣẹ́ wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ló lè sọ oṣù tí òjò àkọ́rọ̀ ń dé nígbà tí ó ń gbé ìyàwó, àti oṣù tó ń dé báyìí.

Dòdò Ìkirè ló tún lè dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà, tí ẹlòmíràn ì bá dà nù, ni wọ́n ń fi ata àti iyọ̀ sí, tí wọ́n ń dín títí yóò fi dúdú. A kò lè rí ìpamọ́ oúnjẹ tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Igi ìdáná sì wà nísàlẹ̀ agbada, ọ̀rá sì wà lára èyí tí wọ́n ń tà fún èrò ọkọ̀. Ìyá tó ń dín in kò ní í gbà pé òun ló ba ayé jẹ́, òótọ́ sì ni: èéfín tirẹ̀ kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Amẹ́ríkà àti Ṣáínà, tàbí iná gáàsì tó ń jó tọ̀sán-tòru ní Niger Delta. Àǹfààní fọ́tò àlẹ̀pọ̀ nìyẹn. Ó lè gbé agbada àti iná gáàsì sójú kan, kí a fi wọ́n wé ara wọn.

Ẹ̀tàn rẹ̀ náà ń bẹ. Ohun méjì tó bá fara kanra lójú pátákó, ojú yóò so wọ́n pọ̀, yálà wọ́n bára tan tàbí wọn kò bára tan. Omíyalé Ògùnpa ní Ìbàdàn ní 31 Oṣù Kẹjọ 1980, àti ti 26 Oṣù Kẹjọ 2011, kì í ṣe òjò nìkan ló fà á. Ilé tí wọ́n kọ́ sí etídò àti pàǹtí tó dí ojú omi wà nínú rẹ̀. Odò Ọ̀ṣun, tí wọ́n sé ní Asejire nítòsí Ìkirè kí Ìbàdàn lè rí omi mu, pọ́n bí amọ̀ láàárín ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn tó ń wa góòlù lápá Iléṣà ni wọ́n ń tọ́ka sí, kì í ṣe ojú ọjọ́. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ láìyà á sọ́tọ̀, ará ìlú yóò ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni, wọn yóò sì ká ẹní wọn. Nítorí náà, pín-ìnnì ló yẹ kí wọ́n fi gbé fọ́tò náà kọ́, kì í ṣe gọ́ọ̀mù, kí ẹni tó bá jiyàn lè dìde, kó yọ ọ̀kan, kó sì gbé e síbi tó gbà pé ó yẹ.

Ọjà Àpòmù, tí ìtàn ogun Òwu láyé àtijọ́ kò lè yọ sílẹ̀, yẹ fún irú pátákó bẹ́ẹ̀ ju ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ lọ. Kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Irewọlé àti Ìsọ̀kan, tó ń ṣàkóso ìlú méjèèjì, wá bá a níbẹ̀. Nàìjíríà ti ṣe òfin ìyípadà ojú ọjọ́ ní 2021, ó sì ṣèlérí níbi ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Glasgow lọ́dún náà pé èéfín tí òun ń tú sílẹ̀ kò ní í ju èyí tí a lè fà padà lọ tó bá di 2060. Ẹni tó ń ta ata kò lè fi ọjọ́ yẹn díwọ̀n ohunkóhun. Ó lè fi ojú gọ́tà iwájú ìsọ̀ rẹ̀ díwọ̀n.

Kí àwọn tó ń ṣe pátákó náà gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ bá hàn. Lẹ́yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ọjọ́, oko tàbí àdúgbò, àti ibi tí ẹni tó yà á dúró sí, kí ẹlòmíràn lè lọ dúró síbẹ̀ gan-an ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀.