Onílàjà Náà Yẹ Lẹ́ni Tí À Ń Yẹ́ Sí

Tákíé,
Ògbómọ̀ṣọ́.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,



Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí n kò lè dá gbé mì. Wọ́n ní àwọn ará Jámánì àti àwọn Czech tí wọ́n jọ pààlà ní àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún ẹni tó bá ń mú kí orílẹ̀-èdè méjèèjì gbọ́ra wọn yé. Ìwọ náà mọ ohun tó wà láàárín wọn. Hitler gba ilẹ̀ àwọn Czech. Nígbà tí ogun parí ní 1945, wọ́n lé àwọn Jámánì bíi mílíọ̀nù mẹ́ta kúrò níbẹ̀. Ó di 1997 kí ìjọba méjèèjì tó jọ tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn ò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àná ba tọ̀la jẹ́.

Mo wá bi ara mi pé, tiwa dà? Bí a bá ní kí ọmọ iléèwé dárúkọ akọni ogun Kírìjì tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ bá ara wọn jà, á ní Ògèdèngbé, á ní Fábùnmi, á ní Látòósà. Ta ni yóò dárúkọ Samuel Johnson àti Charles Phillips? Johnson yín ni mo ń wí o, àlùfáà tó gbé Ọ̀yọ́. Òǹdó ni Phillips ti ń ṣiṣẹ́ Olúwa ní tirẹ̀. Ní 1886, àwọn méjì yìí ni gómìnà Èkó rán lọ sójú ogun. Wọ́n á wọ bùdó Ìbàdàn nítòsí Ìgbájọ, wọ́n á gbọ́ tẹnu àwọn olóyè; wọ́n á sọdá sọ́dọ̀ Èkìtìparapọ̀ lápá Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ látòkèdélẹ̀. Onílàjà ní í forí gbọgbẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò yẹsẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, tọ̀tún tòsì gbà pé kí ìbọn dákẹ́, kí àwọn ìlú Èkìtì sì dá dúró. Ìlọrin kò gbà ní tirẹ̀, ó sì di 1893 kí àwọn ológun tó túká tán.

Johnson yìí náà ló gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn arọ́kin, tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá parí ní 1897. Ó fi ránṣẹ́ sílùú òyìnbó, wọ́n ní àwọn ò rí i mọ́! Ó kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah, tún un kọ, ó fi ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ Appam ní 1916, ni ọkọ̀ ogun Jámánì bá gbá Appam mú lójú òkun. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti padà rí ọkọ̀ náà. 1921 ni ìwé tó jáde. Àwọn kan ní Johnson gbè sẹ́yìn Ọ̀yọ́ jù nínú rẹ̀, wọn ò sì purọ́. Síbẹ̀, ẹni tó gbè sẹ́yìn ẹnìkan tó ṣì lè jókòó gbọ́ tẹnìkejì, ẹni iyì ni.

Lọ́dọ̀ tiwa níbí, Bowen, ajíhìnrere ará Amẹ́ríkà, dé ní 1855, ìwé gírámà Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1858. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ilé ìwòsàn ńlá wa. Akíntọ́lá jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò; orúkọ rẹ̀ ló wà lára yunifásítì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ Yorùbá tó tún gbọ́ èdè Fúlàní ńkọ́, tí wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè lóru nígbà tí màlúù bá jẹ oko ẹ̀gẹ́ olóko, tí àdá ti jáde níhìn-ín, tí ọ̀pá ti gbéra lọ́hùn-ún? Ilẹ̀ á mọ́, ìjà ò ní ṣẹlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa kí i kú iṣẹ́, nítorí ìjà tí kò ṣẹlẹ̀ kì í ní ìròyìn.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ pawọ́ pọ̀ máa yẹ́ sí lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án lọ́dọọdún. Kí wọ́n má ti owó bọ ẹ̀yẹ náà o, kí olówó má baà lọ rà á. Igbá fínfín tiyín ní Ọ̀yọ́ yẹn ti tó, kí wọ́n fín orúkọ onítọ̀hún yí etí rẹ̀ ká.

Jọ̀ọ́, bá mi bèèrè iye tí wọ́n ń fín igbá ńlá kan báyìí. Má wulẹ̀ sọ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ló rán ọ o, wọ́n á gbówó lé e.

Èmi ni tìrẹ,
Àlàó