Ìtànná Lórí Ilẹ̀ Ìjà

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe ohun tí ń ba ilé jẹ́ àti ohun tí ń mú ilé mọ́lẹ̀. Bí ilé bá ń jó, a ní iná ni. Bí fìtílà bá ń tàn nínú ìyẹ̀wù, a ní wọ́n tan iná. Bí ewéko bá sì rú ewé, tí ó rudi, tí ìrudi náà là, a ní ó tanná. Ohun tí ó yọ níbẹ̀ ni ìtànná. Àwọn olùkọ́ èdè a máa sọ èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ wọn bí ẹni ń fi ẹwà èdè ṣeré. Olùkọ́ obìnrin kan tí ó ń kọ́ni ní èdè Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 2025 ni ó tó yé e pé ọ̀rọ̀ náà ju eré lọ.

Ìlobùú ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn. Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni ti Orólù. Àwọn méjèèjì kò jìnnà sí Òṣogbo, wọ́n sì súnmọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò kì í tètè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Ìfọ́n ni ìlú Olúfọ́n, tí a mọ̀ mọ́ Ọbàtálá aláṣọ funfun; Ìlobùú ni a mọ̀ mọ́ Erinlẹ̀, ọdẹ tí ó mọ ewé. Àwọn ará ibẹ̀ jọ ń ná ọjà, wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ ara wọn. Ṣùgbọ́n aáwọ̀ lórí ààlà ilẹ̀ ti wà láàrin wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ìjà náà tún bẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò, wọ́n dáná sun ilé, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì sá fi ìlú sílẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde kónílé-ó-gbélé oníwákàtí 24 ní Ìlobùú, Ìfọ́n-Ọ̀ṣun àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Ní ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n sọ ní Ìrẹ́pọ̀dùn, kò sí ẹni tí ó lè jáde lọ kí aládùúgbò rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ìlú náà ni wọ́n ti bí olùkọ́ yìí. Èkejì ni ó ti lọ́kọ. Èwo ni èwo kò ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí, òun fúnra rẹ̀ kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bi òun léèrè mọ́. Nígbà tí ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó gba ilé àbúrò bàbá rẹ̀ lọ ní Òṣogbo. Ibẹ̀ ni ìròyìn ti bá a pé ilé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ogún ọdún kọ́ ti jóná ráúráú. Bí àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ bá pè é lórí fóònù, ó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ sọ. Bí àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ bá pè é, ó tún ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ sọ. Kò rí ẹni tí ó lè sunkún níwájú rẹ̀ láìṣe àlàyé. Oorun sì dá lójú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dẹ òfin náà, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ wo ohun tí ó kù. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ògiri dúró, òrùlé ti wó, páànù ti ká jọ bí ewé gbígbẹ. Ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí iná ti jó koríko dé ilẹ̀, òdòdó pupa kan yọ jáde láàrin eérú. Kò ní ewé kankan. Ó rí roboto bí bọ́ọ̀lù, ó sì pọ́n bí ìkóódẹ. Àwọn tí wọ́n ń rìn nínú igbó mọ̀ ọ́n dáadáa. Isu rẹ̀, tí ó dà bí àlùbọ́sà, a máa sùn sínú ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iná ìgbẹ́ a kọjá lórí rẹ̀ láìpa á. Bí òjò bá sì ti kàn án, òdòdó ni yóò kọ́kọ́ yọ.

Olùkọ́ náà dúró tì í. Àyà rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ó ti sá lọ. Lẹ́yìn náà ni ojú tì í. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi igi tú eérú, ó ń wá ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ rẹ̀. Òun dúró, ó ń wo òdòdó.

“Ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá mi,” ni ó wí.

Ọkùnrin náà gbé ojú sókè. Ó wo òdòdó náà, ó wo àbúrò rẹ̀. “Kí ni n óò bínú sí? Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ṣáà má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.”

Òwe àtijọ́ ni. Ohun tí àwọn àgbà sábà máa ń fi í sọ ni pé kí ìbànújẹ́ má ṣe dí wa lójú sí ohun tí ó yẹ kí a ṣe. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀yìnkùlé yẹn, ìtumọ̀ rẹ̀ fẹ̀ sí i. Kò sọ pé kí ẹkún dá. Kò sọ pé ohun tí ó jóná kò tó ohun tí à ń sunkún sí. Ó kàn sọ pé ojú tí ń sunkún kò fọ́, àti pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ojú náà rí ohun tí ó dára.

Àwọn ará ibòmíràn pẹ̀lú ti rí irú rẹ̀. Ní ọdún 1940 àti 1941, nígbà tí ọkọ̀ òfurufú Jámánì ń ju bọ́ǹbù sí London, ọ̀pọ̀ àdúgbò di àlàpà. Kò pẹ́ kò jìnnà, ewéko kan tí òdòdó rẹ̀ jẹ́ elésè-àlùkò bo àwọn àlàpà náà. Ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí wọ́n ń pè é ní èdè Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ sí ewéko iná, nítorí ibi tí iná bá ti jó ni ó fẹ́ràn láti hù sí. Edward Salisbury, onímọ̀ ewéko tí ó di olórí ọgbà Kew ní ọdún 1943, fara balẹ̀ ṣe ìwádìí àwọn ewéko tí ó hù ní irú ibẹ̀. Òdòdó wọn kò kọ́ ilé kan padà. Àwọn birikila ni ó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní láti la àárín àlàpà kọjá lọ síbi iṣẹ́ ní àràárọ̀ rí ohun mìíràn wò yàtọ̀ sí àlàpà.

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wọlé padà, olùkọ́ náà sọ ọ́ di àṣà. Ní òwúrọ̀, kí ó tó wọ kíláàsì, yóò wá òdòdó kan tí ẹnikẹ́ni kò gbìn. Wọn kò ṣọ̀wọ́n. Imí-eṣú wà lẹ́bàá ògiri, òdòdó rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó dà bí aró tí omi pọ̀ nínú rẹ̀. Yánrin wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹ̀fọ́ tí gbogbo ènìyàn ń jẹ, tí àwọn díẹ̀ sì mọ̀ pé ó ń yọ òdòdó aláwọ̀ ìyeyè, nítorí pé a kì í jẹ́ kí ó dàgbà dé ibẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, òrúrù a máa pọ́n lókè débi pé ènìyàn lè fi í wé aṣọ tí a rẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Síbẹ̀, omi ni ó wà nínú ìrudi rẹ̀, àwọn ọmọdé a sì máa fi í tu omi sí ara wọn. Patanmọ́ wà káàkiri pápá. Bí a bá fọwọ́ kàn án, a pa ewé rẹ̀ mọ́. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, a tún là. Nínú kíláàsì rẹ̀, àwọn ọmọ ìlú méjèèjì jókòó, wọn kò sì wo ojú ara wọn. Kò fi ipá bi wọ́n ní ìbéèrè. Ó ti kọ́ ìyẹn lára patanmọ́.

Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá, jogbo bẹ̀rẹ̀ sí í tanná lẹ́bàá ọ̀nà, òdòdó rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Bí ọyẹ́ ti ń súnmọ́lé, Akíntọ́lá náà tan òdòdó funfun rẹ̀ tí ó fara jọ òwú. Àwọn méjèèjì ni ó bo oko tí àwọn ènìyàn bẹ̀rù láti wọ̀ nítorí ìjà. Nínú ẹjọ́ ilẹ̀, ìbéèrè tí a kọ́kọ́ máa ń bi ni pé ta ni ó kọ́kọ́ dé. Mẹ́síkò àti àwọn ilẹ̀ tí ó yí i ká ni jogbo ti wá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni Akíntọ́lá náà ti wá, kò sì tí ì tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó dé Nàìjíríà. Kò sí bàbá ńlá ẹnikẹ́ni tí ó bá wọn níbí. Síbẹ̀, àwọn àlejò wọ̀nyí ni ó jókòó sórí ilẹ̀ tí àwọn onílẹ̀ ń kú lé lórí. Bí ìjà bá pẹ́ lórí ilẹ̀, ẹni tí kò sí nínú ẹjọ́ ni yóò jogún un.

Orúkọ Akíntọ́lá náà ní ẹ̀kọ́ nínú. Àwọn kan ń pè é ní ewé Akíntọ́lá. Àwọn mìíràn ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀. Àwọn àgbà mọ ohun tí orúkọ méjèèjì dúró fún: ìyapa inú ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ní ọdún 1962, wẹ́tìẹ̀ ọdún 1965, àti ikú Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ní oṣù kìíní ọdún 1966. Nígbà náà pẹ̀lú, ará ìlú kan náà dáná sun ilé ara wọn. Ṣùgbọ́n orúkọ yòówù tí àgbẹ̀ ń pe ewé náà, bí àdá bá gé e lẹ́sẹ̀ lóko, ewé yìí ni yóò já, tí yóò fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá.

Ní oṣù náà ni olùkọ́ ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ àròkọ lórí ewéko kan tí wọ́n rí lójú ọ̀nà. Ọmọkùnrin kan, tí àwọn òbí rẹ̀ kò tí ì padà sí ilé wọn, kọ gbólóhùn kan láìfi àmì ohùn sí i: “Ododo ti hu lori ilẹ ti wọn n ja si.” Olùkọ́ pè é sí ìdí tábìlì.

“Èwo lo ní lọ́kàn? Òdòdó ni, àbí òdodo?”

Ọmọ náà rò ó díẹ̀. “Òdòdó ni, mà. Òdodo kò tí ì hù níbẹ̀.”

Ó gba bírò lọ́wọ́ olùkọ́, ó fi àmì sí i.

Kò sí àní-àní pé ọmọ náà mọ ohun tí ó sọ. Òdodo ni kí ààlà hàn kedere, kí ẹni tí ilé rẹ̀ jó rí ẹni gbé e dìde, kí ẹni tí ó pa ènìyàn jẹ́jọ́. Òdòdó kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn, ẹni tí ó bá sì fi í dípò rẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Iṣẹ́ tirẹ̀ kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí ó tu ọkàn lára, kí ọkàn má baà jóná mọ́ ilé kí òdodo tó dé.

Ní ẹ̀yìnkùlé ẹ̀gbọ́n olùkọ́ náà, òdòdó pupa yẹn ti rọ tipẹ́, isu rẹ̀ sì ti padà sùn sínú ilẹ̀. Wọ́n ti fi òkúta mẹ́ta yí ibẹ̀ ká, kí àwọn birikila má baà da yẹ̀pẹ̀ lé e lórí nígbà tí wọ́n bá dé.